Páìpù Bíréèkì Ọkọ̀ Tòkunbọ̀: Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Rẹ̀ Nílé

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ló ti jẹ iyọ̀ yó kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, torí wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì lókè òkun kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ yẹn ló ń mú páìpù bíréèkì onírin dípẹtà. (Ẹ̀yin ará fonọ́lọ́jì, ẹ wo bí “bíréèkì” ṣe fi fáwẹ̀lì la kọ́ńsónáǹtì méjì, tó tún fi òmíràn parí.) Bí páìpù bá bẹ́ lórí eré, ẹsẹ̀ yín á kàn rì wọlẹ̀ ni.

Ẹ ra páìpù tí wọ́n fi bàbà pò mọ́ níkẹ́lì. Kì í dípẹtà, ọwọ́ sì lè tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé ọkọ̀ lé sítáǹdì, ẹ má fọkàn tán jáàkì nìkan. Sípánà tó wà fún páìpù ni kí ẹ lò, torí sípánà lásán á jẹ orí nọ́ọ̀tì. Ẹ ki nọ́ọ̀tì bọ páìpù tuntun kí ẹ tó fi ẹ̀rọ mú ẹnu rẹ̀ fẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé, tí wọ́n á tún un gé.

Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, òróró bíréèkì kò ṣeé fún pọ̀. Nítorí náà, ẹ gbọ́dọ̀ lé afẹ́fẹ́ jáde: ẹnì kan á tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ẹnì kejì á ṣí nọ́ọ̀tì tó wà lẹ́yìn táyà, á sì dé e kí ẹni àkọ́kọ́ tó gbẹ́sẹ̀. DOT 3 tàbí DOT 4, èyí tí wọ́n kọ sórí ìdérí ni kí ẹ lò, ẹ má jẹ́ kó kan ọ̀dà ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bíréèkì dáadáa, kí ẹ fọwọ́ pa gbogbo oríkèé páìpù. Bí ọ̀kan bá rin, ọkọ̀ ò gbọdọ̀ kúrò nínú ọgbà.