Ta Ni Ó Ni Ọgbọ́n Inú Kọ̀ǹpútà?

Bí iná bá ṣẹ́ yọ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin tí èrò kún fọ́fọ́, ọ̀nà wo ni wọn yóò gbà jáde? Olùdásílẹ̀ kan ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí ń ṣe àfarawé ìrìn èrò nínú ilé tí a kò tíì kọ́, kí ayàwòrán ilé lè tètè rí àléébù rẹ̀. Ó tọrọ páténtì lọ́wọ́ Iléeṣẹ́ Páténtì ti Yúróòpù. Wọ́n kọ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìgbìmọ̀ tó ga jù lọ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹta, ọdún 2021, nínú ìdájọ́ G 1/19, wọ́n ní a lè fún àfarawé ní páténtì bíi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, bí ó bá yanjú ìṣòro ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ìṣirò lásán kò tó. Síbẹ̀, olùpẹ̀jọ́ kò rí páténtì gbà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ẹ fetí sílẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin ẹ̀tọ́ oǹkọ̀wé ti ọdún 2022 ń dáàbò bo ètò tí ẹ kọ, ṣùgbọ́n kò dáàbò bo èrò tó bí i. Páténtì ní tirẹ̀ ń fẹ́ ohun tuntun. Ohun tí a ti polongo kí a tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lè pàdánù rẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ wo òfin kí ẹ tó tú àṣírí iṣẹ́ yín.