Ta Ni Yóò Kọ́ Ọmọ Wa Ní Kẹ̀kẹ́ Ọ̀nà Jíjìn?

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ katikísìmù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wa níhìn-ín ní Adja-Ouèrè wá bá wa nílé. Ó na fóònù rẹ̀ sí wa pé kí a wò ó. Ọkùnrin kan ní òkè òkun, tí kò fojú kàn rí, ni ó sọ pé òun yóò máa kọ́ ọ bí a ti ń múra sílẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ ọ̀nà jíjìn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àwọn èwe ń pè ní kóòṣì. Oṣooṣù ni a óò máa sanwó fún un, owó oṣù kan sì ju owó àpò àgbàdo méjì lọ. Ọmọ náà ń bẹ̀ wá pé kí a bá òun bá ìyá òun sọ̀rọ̀, kí ó lè tà nínú àgbàdo tó wà nínú àká.

Ohun tí ó fẹ́ ṣe kì í ṣe ohun kékeré. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́rin ti pinnu pé nígbà ọyẹ́, àwọn yóò gbéra ní Àjàṣẹ́ ní ìdájí, wọn yóò gba Ìtàkété àti Pọ́bẹ̀ dé Kétu, wọn yóò sì padà lọ́jọ́ kan náà. Àlọ nìkan lé ní 100 kìlómítà. Àwọn àgbà inú wa mọ ọ̀nà náà dáadáa. Wọ́n rántí ilẹ̀ amọ̀ dúdú Ọ̀họ̀rí láàárín Pọ́bẹ̀ àti Kétu, tí ẹrẹ̀ rẹ̀ ń di táyà mú nígbà òjò bí àtè ti ń di ẹyẹ mú.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, ìyá gbọ́ ọ̀rọ̀ wa tán, ó ní: “Kẹ̀kẹ́ tí bàbá rẹ̀ gùn lọ sóko títí ó fi kú, ta ni ó kọ́ ọ?” A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn wa.

Lóòótọ́, kẹ̀kẹ́ oko yàtọ̀ sí kí ènìyàn jókòó sórí kẹ̀kẹ́ fún wákàtí mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá. Agbára tí ara fi pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ kì í sábà ju wákàtí méjì lọ bí a bá ń tẹ pẹ́dàlì kíkankíkan. Ẹni tí kò bá jẹun lójú ọ̀nà, yóò kàn rí i pé ẹsẹ̀ kò dáhùn mọ́, bí àtùpà tí epo rẹ̀ tán. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a jẹun kí ebi tó pa wá, kí a sì mumi kí òùngbẹ tó gbẹ wá. Ohun mìíràn tún wà tí àwọn ọ̀dọ́ kì í fẹ́ gbọ́: kì í ṣe ìgbà tí a ń gun kẹ̀kẹ́ ni iṣan ń le, ìgbà tí a bá sinmi lẹ́yìn rẹ̀ ni. Ẹni tí ó ń gùn lójoojúmọ́ láìsinmi, ara rẹ̀ ni ó ń jẹ. Nítorí náà, ojú kejì ni à ń sanwó fún lọ́wọ́ kóòṣì, ẹni tí yóò rí ohun tí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ kò lè rí lára ara rẹ̀, tí kò sì ní í bẹ̀rù láti sọ fún un pé, “Ó tó, sọ̀kalẹ̀.”

Ẹ jẹ́ kí a wo Kẹ́ńyà. Chris Froome, tí a bí ní Nairobi ní ọdún 1985, gba Tour de France ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ní 2013, 2015, 2016 àti 2017. Ta ni olùkọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́? David Kinjah ni, ọmọ Kẹ́ńyà tí ń gbé ilé onípáànù ní abúlé kan ní agbègbè Kikuyu, lẹ́bàá Nairobi. Ìyá ọmọ náà ni ó mú un lọ bá a nígbà tí ó ṣì kéré. (Ẹ̀yin ìyá, ẹ ṣé o.) Kinjah ń kọ́ àwọn ọmọ abúlé náà pẹ̀lú. Ó ń bá wọn gun òkè, ó sì ń kọ́ wọn láti tún kẹ̀kẹ́ wọn ṣe fúnra wọn.

Ti Ítálì tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fausto Coppi jẹ́ ọmọ iṣẹ́ alápatà ní ìlú Novi Ligure, kẹ̀kẹ́ ni ó fi ń gbé ẹran káàkiri fún àwọn oníbàárà. Ibẹ̀ ni ó ti bá Biagio Cavanna pàdé, ẹni tí ó di olùkọ́ rẹ̀ àti olùwọ́ra rẹ̀. Afọ́jú ni Cavanna. Ìka ọwọ́ ni ó fi ń mọ iṣan tí ó rẹ̀ àti èyí tí ó ṣetán. Coppi gba ìdíje yíká Ítálì ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún, ó sì gba Tour de France ní 1949 àti 1952.

A kò ní parọ́ mọ́ àwọn kóòṣì orí fóònù. Lónìí, ẹ̀rọ wà tí ń ka ìlù ọkàn àti agbára ẹsẹ̀, tí ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí olùkọ́ tó wà lọ́nà jíjìn, àwọn kan sì mọ iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ọmọ tiwa kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Kí ni ọkùnrin náà yóò máa wò? Ìwé ètò tí ó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ fi ìrìn tó gùn jù sí òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ní àkókò Mísà gan-an. A kò jà sí èyí, a kàn sún un sí Àbámẹ́ta.

Ẹ gbọ́ ẹ̀bi tiwa wàyí. A ti ní kí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ ná pẹ̀lú ìwé ètò yẹn, àwa ni yóò sì máa bá a kọ iye kìlómítà sínú ìwé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó ní ara òun wúwo, orí ń fọ́ òun. A wí fún un pé ọ̀lẹ ni, kí ó tẹra mọ́ ọn. Ní ọjọ́ kejì, òtútù mú un lójú ọ̀nà Ikpinlè, ó ń gbọ̀n, zémìjáànù ni wọ́n fi gbé e wálé. Ibà ni. A lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ìyá kò sì dá wa lóhùn títí ọmọ fi jẹun.

Nítorí ibà yìí kan náà ni Coppi fi kú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1959, ó wá sí Haute-Volta, tí à ń pè ní Burkina Faso lónìí, ó sì díje ní Ouagadougou. Nígbà tí ó padà sílé, ara rẹ̀ gbóná. Raphaël Géminiani, ará Faransé tí wọ́n jọ rin ìrìn náà, ṣàìsàn pẹ̀lú. Ní Faransé, wọ́n rí ibà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n fún un ní kíníìnì, ó yè. Ní Ítálì, àìsàn mìíràn ni wọ́n rò pé ó ń ṣe Coppi. Ó kú ní ọjọ́ 2 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1960, ẹni 40 ọdún. Froome náà, ní 2010 ni wọ́n tó rí i pé kòkòrò àtọ̀sí ajá wà lára rẹ̀, èyí tí à ń kó nínú omi odò. Nítorí náà, bí kóòṣì kan bá ń bèèrè owó, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: “Kí ni ẹ óò ṣe bí ara ọmọ mi bá gbóná?”

Àgbàdo àpò kan ni ìyá tà níkẹyìn. Wọ́n fi ra táyà méjì, àwọ̀n ẹ̀fọn, ẹ̀wà àti ẹ̀pà. Nọ́ọ̀sì kọ́ ọmọ náà bí yóò ṣe máa ka ìlù ọkàn rẹ̀ kí ó tó dìde lórí ẹní láràárọ̀, pé bí ó bá yára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí ó má gun kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó tún kọ́ ọ bí a ti ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Ti ojú ọ̀nà, bàbá kan ni a rí ní oko kan nítòsí, tí ó fi kẹ̀kẹ́ kó ẹrù kọjá ààlà sí Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgò epo pupa kan ni ó gbà lọ́wọ́ wa. Kí ó tó sọ nǹkan kan, ó wo ọmọ náà bí ó ti ń gùn yí ọgbà ká, ó sì gbé ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà sókè ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta. “Eékún rẹ ti ń ká jù, ọmọ mi.” Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ń ro ó díẹ̀ ṣùgbọ́n eékún kò dùn ún mọ́, bàbá sì ti tún apá kẹ̀kẹ́ ṣe nítorí ẹ̀yìn náà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ bá orílẹ̀-èdè díje, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Kí ó lọ wọ ẹgbẹ́, kí ó sì wá olùkọ́ tó kọ́ iṣẹ́ náà.

Ìrìn Kétu ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bàbá ti pàṣẹ pé kí ìrìn bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, kí oorun pọ̀ sí i. Ọmọ náà wá ń kùn sí wa pé ẹsẹ̀ ń yún òun láti gùn. Bàbá ní kí ó lọ bá ìyá rẹ̀ yin àgbàdo.