Golf Àtijọ́: Ṣé Ó Tó Ohun Tí À Ń Gbé Lọ Síbi Iṣẹ́ Lójoojúmọ́?

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ la mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn kan nínú wa, pàápàá àwọn ọ̀dọ́, máa ń fẹ́ yá owó ẹgbẹ́ fi ra Volkswagen Golf tókunbọ̀, irú èyí tó kéré tó sì ń sáré bí ẹtu. A ò ní kí ẹnikẹ́ni má rà á. Ẹ sáà jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀.

Volkswagen kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ náà ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry. Ní 1976 ni Golf GTI bọ́ sọ́jà ní Jámánì: ọkọ̀ kékeré tó ní agbára ẹṣin 110, tó lè sá 182 kìlómítà ní wákàtí kan. Golf 3 tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀, 1991 ló jáde, Golf 4 sì gba ipò rẹ̀ ní 1997. Ìyẹn ni pé èyí tí ẹ ń wò yẹn ti lé lọ́dún 25. Bó ti wù kí ọ̀dà ara rẹ̀ máa dán tó, àgbà ni.

Ẹni tó ń ti Agége lọ síṣẹ́ ní Ọba Akran, níbo ló ti fẹ́ sá 182? Gọ́síló ni. Kì í sì í ṣe eré ló ń pa irú ọkọ̀ yìí, ooru ni. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí rédíétọ̀. Bó bá dúró, fáànù nìkan ló kù. Bí fáànù bá kọṣẹ́, omi á hó, ẹ́ńjìnnì á sì gbóná kọjá ààlà. Ọkọ̀ tó wálẹ̀ tún máa ń fi ikùn gbá kòtò.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó:

1. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ lórí ìdúró títí fáànù yóò fi tan fúnra rẹ̀.

2. Ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì táímìn. Ní àwọn ẹ́ńjìnnì kan, bó bá já, fáàfù á kan písítìnì, owó ńlá dé nìyẹn.

3. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin ara táyà: 2319 ni ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Rọ́bà ń gbó bí a ò tiẹ̀ lò ó.

4. Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín lọ, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á.

Ẹ má fi gbogbo owó tẹ́ ẹ yá ra ọkọ̀. Ẹ pín in sí mẹ́ta: méjì fún ọkọ̀, ọ̀kan fún Ládípọ̀ àti mẹkáníìkì. Ẹ rántí epo pẹ̀lú: ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, ó fò láti nǹkan bíi ₦190 kọjá ₦480 ní lítà kan. Ní ọdún yẹn kan náà, ìbánigbófò ọkọ̀ tó kéré jù lọ kúrò ní ₦5,000, ó di ₦15,000.

Bí ọkọ̀ bá dákú, gbèsè kì í dákú. Bí oṣù bá parí, ẹgbẹ́ á yọ owó rẹ̀. Bí kò bá sí, ọrùn onídùúró ló kàn, ẹni tí kò gun ọkọ̀ náà rí. Ẹni tó bá tọ́jú owó àtúnṣe sílẹ̀, Golf á sìn ín dáadáa, ayé á sì yẹ ẹ́. Ẹni tí kò bá ní in, kó ṣì máa wọ dánfó ná. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa á máa gòkè o.