Báwo ni Linda Ikeji ṣe sọ búlọ́ọ̀gì di òwò ńlá?

Nígbà tí Linda Ikeji bẹ̀rẹ̀ sí í kọ búlọ́ọ̀gì lọ́dún 2006, kì í ṣe pé owó ló ń lé. Ọmọ ìpínlẹ̀ Imo yìí ti kàwé gboyè nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Yunifásítì Èkó, ó sì ti ṣe módẹ́ẹ̀lì. Ó pẹ́ kó tó rí owó gidi níbẹ̀.

Ibo wá lowó ti ń wọlé?

Òwò búlọ́ọ̀gì jọ ti rédíò: ọ̀fẹ́ ni fún òǹkàwé, ẹni tó fẹ́ polówó ọjà ló ń sanwó. Bí èrò bá ṣe pọ̀ tó lowó ìpolówó ṣe ń ga sí i. Ìdí nìyẹn tí Linda fi ń gbé ìròyìn àwọn gbajúmọ̀ jáde léraléra lójúmọ́. Nígbà tó fi máa di 2015, ó ti ra ilé sí Banana Island l'Ékòó.

Àmọ́ ewu ń bẹ níbẹ̀. Orí Blogspot, tó jẹ́ ti Google, ló pàtẹ sí. Lóṣù Kẹwàá 2014, Google tì í pa fún ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn kan fẹ̀sùn kàn án pé ó lo iṣẹ́ oníṣẹ́ láìgbàṣẹ. Iṣẹ́ ọdún mẹ́jọ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́! Ẹni tó pàtẹ síwájú ilé onílé, ọjọ́ tí onílé bá tilẹ̀kùn, ọjà tú nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ gbàṣẹ kẹ́ ẹ tó lo fọ́tò oní-fọ́tò, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ yín síbòmíì.