Bí Títì Bá Fẹ́ Gba Ilé Ẹbí ní Ìjẹmọ̀: Ohun Tó Yẹ Kí Ọmọ Ẹgbẹ́ Mọ̀

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ilé la fẹ́ bá yín sọ. Àwọn ilé àtijọ́ tó wà láàárín ìlú wa, láti Ìjẹmọ̀ títí dé Ìtòkú, là ń wí. Inú wọn ni wọ́n bí ọ̀pọ̀ nínú wa sí, iwájú wọn ni ọ̀pọ̀ sì ti ń tajà. Nígbàkigbà tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ tún àárín ìlú ṣe, irú ilé bẹ́ẹ̀ ni katakata kọ́kọ́ máa ń bá. Bí ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú bá wá délẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ ohun tí òfin ní kí wọ́n san.

Ìdí tí àwọn ilé yìí fi níyì

Nígbà tí ogun lé àwọn baba wa kúrò nínú igbó Ẹ̀gbá, tí wọ́n tẹ̀ lé Ṣódẹkẹ́ dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, ìlú kọ̀ọ̀kan tẹ̀dó sí ibi tirẹ̀, kò sì sọ orúkọ rẹ̀ nù. Ìjẹmọ̀ ti jẹ́ ìlú láàárín Ẹ̀gbá Aláké kó tó di àdúgbò ní Abẹ́òkúta. Ìdí nìyí tí agboolé fi fara ti agboolé, tí ọ̀nà fi ń wọ́ kọ́rọkọ̀rọ láàárín àpáta. Ẹni tó bá wò wá láti orí Olúmọ, páànù tó ti dípẹtà ló máa rí. Ẹni tó bá wọlé ló máa mọ bí ògiri amọ̀ tó nípọn ṣe ń mú inú ilé tutù lọ́sàn-án gangan. Nígbà tí àwọn Sàró padà wálé láti 1839, tí àwọn Àgùdà náà sì ti Brazil dé, ọnà mìíràn tún kún un: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fèrèsé gíga, àti ìlẹ̀kùn tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí lára.

A ò sì lè gbàgbé 1914. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún náà, sójà ìjọba amúnisìn yìnbọn fún àwọn ará Ìjẹmọ̀ tó ń bínú nítorí ikú Ṣóbíyìí Pọ́nládé, àgbàlagbà kan tó kú sí àhámọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló kú. Ọdún náà ni ìjọba àdáṣe Ẹ̀gbá parí. Bí a bá ń mú ọmọ rìn ní òpópónà Ìjẹmọ̀, a lè fi ọwọ́ tọ́ka sí ìtàn yẹn fún un.

Ní ti àwa ọlọ́jà, ilé wọ̀nyí tún jẹ́ ilé iṣẹ́. Ẹ̀yìnkùlé ni ìkòkò aró wà, iyàrá iwájú ni ṣọ́ọ̀bù, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹrù sí bí ilẹ̀ bá ṣú. Ìyá àgbà ń wo ọmọ nígbà tí ìyá wọn wà ní Ìtòkú lórí àdìrẹ. Oníbàárà tó ti ọ̀nà jíjìn wá mọ ojúlé náà, kò nílò kí ẹnikẹ́ni júwe rẹ̀ fún un.

Ohun tí ojú àwọn mìíràn rí

Àwọn kan máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọba ní owó tí yóò fi tún tirẹ̀ kọ́. Tálíkà ńkọ́?

Ẹ wo Èkó. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eku mú wá, ìjọba dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní 1928 tí wọ́n ń pè ní LEDB, kó máa tún ìlú ṣe. Ní 1955, ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé àtijọ́ lórí nǹkan bí éékà 70 ní àárín Erékùṣù Èkó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Òyìnbó onímọ̀ kan, Peter Marris, lọ bá àwọn ènìyàn náà sọ̀rọ̀, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ilé tuntun náà mọ́, ó sì láyè. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá ọlọ́jà pàdánù oníbàárà, owó ọkọ̀ wọ́n wọn, ẹbí tó ń gbé agboolé kan tẹ́lẹ̀ sì fọ́n ká.

Ẹ má sì rò pé òkìkí nìkan lè gba ilé sílẹ̀. Ilé àwọn Àgùdà tí ìdílé Fernandez kọ́ sí Tinúubú ní Èkó, tí a mọ̀ sí Ilojo Bar, ti wà lábẹ́ ààbò ìjọba gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti 1956. Síbẹ̀ wọ́n wó o palẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2016.

Nílé níbí náà, láàárín 2011 sí 2019, nígbà ìjọba Gómìnà Ibikunle Amosun, wọ́n fẹ títì lójú káàkiri Abẹ́òkúta, ọ̀pọ̀ ilé etí ọ̀nà ló sì lọ sí i. A ò ní purọ́: ọkọ̀ ń rìn dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí iná bá sì sẹ́ ní ọ̀nà tóóró, ọkọ̀ panápaná ò lè wọlé. A ò bá títì jà. Ohun tí a fẹ́ ni pé bí títì bá ń bọ̀, kó má bá wa lójú oorun.

Ohun tí òfin sọ

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ Gómìnà. Abala 28 gbà á láyè láti gba ilẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ìlú, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fún ẹni tó ni í ní ìwé. Bí wọn ò bá rí onílé, òfin gbà wọ́n láyè láti lẹ ìwé náà mọ́ ara ilé. Nítorí náà, ẹ má fa ìwé kankan ya kúrò lára ògiri láìjẹ́ pé ẹ kà á.

Abala 29 ló sọ ọ̀rọ̀ owó. Òfin kì í san iye tí ilẹ̀ ń lọ lọ́jà. Lórí ilẹ̀, owó ilẹ̀ tí ẹ san fún ìjọba lọ́dún náà nìkan ló ń dá padà. Lórí ilé, iye tí yóò náni láti kọ́ irú rẹ̀ ni wọ́n máa ṣírò, wọ́n á sì yọ iye tí ó ti gbó kúrò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà! Bí kíkọ́ irú ilé náà bá jẹ́ mílíọ̀nù 10 náírà, tí wọ́n sì ní ó ti gbó dé ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá, mílíọ̀nù 4 ló kù fún gbogbo ẹbí. Ilé tí a ò tọ́jú á tún gbó jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú ẹni tó ń díye lé e.

Ayálégbé tó bá fi owó ara rẹ̀ kọ́ nǹkan síbẹ̀ lè béèrè owó rẹ̀, bí ẹ̀rí bá wà. Ṣùgbọ́n òfin yìí kò san owó oníbàárà tó sọnù. Abala 33 sọ pé bó bá jẹ́ ilé gbígbé, wọ́n lè fi ibòmíràn lọ onílé dípò owó. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999, ní abala 44, sì sọ pé kí wọ́n san owó gbà-má-bínú kíákíá, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sì lè lọ sí kóòtù.

Ohun tó yẹ kí a ṣe nísinsìnyí

Èkíní, kí ẹbí kọ orúkọ ẹni tó kọ́ ilé àti orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì fẹnu kò lórí àwọn tí yóò máa fọwọ́ síwèé. Ìjà àárín ẹbí ló ń jẹ́ kí owó pẹ́ nílẹ̀.

Èkejì, ẹ pe sọ́féyọ̀ kó ya pílánù ilẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò ilé nínú àti lóde.

Ẹ̀kẹta, ẹ tọ́jú rìsíìtì páànù, pákó àti owó bíríkìlà. Kí ayálégbé náà gba ìwé lọ́wọ́ onílé.

Ẹ̀kẹrin, ẹ tún ilé ṣe bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá fi simẹ́ńtì líle rẹ́ ògiri amọ̀, omi tó bá ráyè wọlé kò ní lè gbẹ, inú ni ògiri á ti máa jẹrà. Amọ̀ tàbí ẹfun ló bá a mu. Ẹ jẹ́ kí etí òrùlé gùn kọjá ògiri, kí ẹ sì la gọ́tà kí àgbàrá má bàa máa jẹ ìpìlẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má dá nìkan lọ. Bí ojúlé mẹ́wàá bá pawọ́ pọ̀ gba lọ́yà kan àti ẹnì kan tó mọ ilé díye lé, owó rẹ̀ á fúyẹ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ Aró ni Lísàbí fi kó Ẹ̀gbá jọ nígbà ayé rẹ̀: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Ohun tí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wà fún náà nìyẹn.

Ẹni tó bá ní ìwé ilé tí kò yé e, kó mú un wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, kí a jọ kà á. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá fi ọ̀dà pupa sàmì sí ògiri. Ire o.