Ẹwà Ẹ̀rín àti Ìlera Eyín: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀nà Ìtún-eyín-ṣe fún Olùkọ́ ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkokomáìkò

Ìfáàrà

Ẹnu ni olùkọ́ fi ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá ti la ẹnu nínú kíláàsì ni ojú akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wo eyín rẹ̀. Fún olùkọ́ èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí tilẹ̀ ju ti ẹwà lọ. Àfèyínfètèpè ni kọ́ńsónáǹtì /f/; eyín òkè àti ètè ìsàlẹ̀ ni a fi ń pè é. Kò lè rọrùn fún akáyín láti pè é kí ó já gaara. Olùkọ́ni tí eyín rẹ̀ pọ́n náà sì lè máa fi ọwọ́ bo ẹnu nígbà tí ó yẹ kí ó máa fi ọ̀yàyà kọ́ni. Èròǹgbà iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé àwọn ọ̀nà tí ìṣègùn òde òní ń gbà tún eyín ṣe, àti láti fi hàn pé ohun tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń gbà lára eyín ni ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ béèrè, kí ó tó béèrè bí yóò ti rẹwà tó.

Ojú tí Yorùbá fi ń wo ẹwà eyín

Kì í ṣe òyìnbó ni ó kọ́ Yorùbá ní ẹwà eyín. Funfun ni Yorùbá kà sí iyì eyín, wọ́n sì ka ejí, àlàfo àárín eyín iwájú òkè, sí àmì ẹwà. Orin Ìjẹ̀bú àti orin àtá ni a fi ń fọ eyín kí búrọ́ọ̀ṣì tó dé. Àjọ Ìlera Àgbáyé pẹ̀lú fọwọ́ sí lílo orin ní ọdún 1986. Láàárín àwọn Mùsùlùmí, ọ̀pọ̀ alùhájì àti alùhájà ni ó ti fi eyín wúrà, tí a ń pè ní eyín Mẹ́kà, ṣe àmì pé àwọn ti rìnrìn àjò sí ilẹ̀ mímọ́. Nítorí náà, ìfẹ́ láti tún eyín ṣe kì í ṣe àṣàkaṣà. Ọ̀nà tí a gbà ń ṣe é ni ó ń fẹ́ ìṣọ́ra.

Ohun tí ń pa àwọ̀ eyín dà

Oríṣi méjì ni àbàwọ́n eyín. Ti àkọ́kọ́ wà ní òde ara eyín: obì, orógbó, tíì, kọfí àti tábà ni ó sábà máa ń fà á. Ti èkejì wà nínú eyín fúnra rẹ̀. Bí aboyún tàbí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 bá lo oògùn tetracycline, ó lè sọ eyín tí ó ń hù lọ́wọ́ nínú egungun ọmọ náà di aláwọ̀ eérú tàbí pupa rúsúrúsú. Èròjà fluoride tí ó bá pọ̀ jù nínú omi mímu máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé àbàwọ́n òde ṣeé fọ̀, ṣùgbọ́n kò sí bí a ti lè fọ ti inú tó tí yóò fi lọ.

Àwọn ọ̀nà ìtún-eyín-ṣe

A lè to àwọn ọ̀nà wọ̀nyí láti orí èyí tí kì í gba nǹkan kan lára eyín dé orí èyí tí ń gba púpọ̀.

Fífọ eyín lọ́dọ̀ dókítà eléyín ni ìpìlẹ̀. Irinṣẹ́ ni a fi ń yọ ìdọ̀tí tí ó ti gan mọ́ ìdí eyín, a ó sì dán an. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó rò pé eyín òun ti bàjẹ́ ni kò nílò ju èyí lọ.

Fífún eyín ní àwọ̀ funfun ni ó tẹ̀ lé e. Hydrogen peroxide, tàbí carbamide peroxide tí ń tú hydrogen peroxide jáde, ni a ń lò. Ó lè mú kí omi tútù máa ta eyín fún ìgbà díẹ̀. Kì í pa àwọ̀ eyín àtọwọ́dá dà. Láti ọdún 2012, òfin ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà kí ẹnikẹ́ni fún oníbàárà ní èyí tí agbára rẹ̀ ju ìdá 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ láìsí ọwọ́ dókítà eléyín níbẹ̀. Kò gbọdọ̀ ju ìdá 6 lọ, kò sì sí fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18.

Wáyà ni a fi ń to eyín tí ó wọ́ tàbí tí ó gun ara wọn. Ó máa ń gba nǹkan bí oṣù 12 sí 24. Bí a bá yọ ọ́ tán, oníwáyà gbọ́dọ̀ máa lo ìdímú tí kò ní í jẹ́ kí eyín padà sí àyè rẹ̀ àtijọ́.

Lílẹ eyín jẹ́ fífi èròjà aláwọ̀ eyín dí ibi tí ó kán tàbí tí ó là. Michael Buonocore, ará Amẹ́ríkà, ni ó la ọ̀nà rẹ̀ ní ọdún 1955, nígbà tí ó fi hàn pé ásíìdì díẹ̀ lè mú kí ojú eyín di èròjà bẹ́ẹ̀ mú. Ìjókòó kan ni a sábà fi ń ṣe é, kì í sì í gba nǹkan púpọ̀ lára eyín.

Ìbòjú eyín ni pèpéle tẹ́ẹ́rẹ́ tí a lẹ̀ mọ́ iwájú eyín. Ó sábà máa ń gba kí a ha nǹkan bí ìdajì mìlímítà kúrò. Adé eyín ní tirẹ̀ ń bo gbogbo eyín, a sì ń ha eyín náà yí po. Ó tọ́ sí eyín tí ó ti bàjẹ́ gan-an. Kò tọ́ sí eyín tí ara rẹ̀ le koko tí olówó rẹ̀ kàn fẹ́ kí ó dán.

Ewu tí ó wà níbẹ̀

Èèpo líle tí ó bo eyín kò ní ohun alààyè nínú. Bí a bá ha ojú ara, ó lè jinná. Bí a bá ha eyín, ohun tí ó lọ ti lọ nìyẹn. Ìdí nìyí tí ejí àtọwọ́dá fi léwu. Àwọn oníṣègùn eyín ní Nàìjíríà ti kọ̀wé lórí àwọn tí wọ́n fi irinṣẹ́ la àlàfo sí àárín eyín wọn, àti lórí ìrora àti ìbàjẹ́ tí ó tẹ̀ lé e. Bákan náà, omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí àwọn kan fi ń pa eyín máa ń jẹ èèpo náà, èédú sì máa ń ha á. Bí èèpo bá ti tín-ín-rín, àwọ̀ ràkọ̀ràkọ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ a yọ síta. Eyín tí a fẹ́ kí ó funfun a wá pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ojúṣe olùkọ́ ní agbègbè yìí

Ọgbà àgbà LASU wà ní Ọ̀jọ́, ṣùgbọ́n Ìkẹjà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ LASUTH, ni ó ti ń kọ́ àwọn oníṣègùn eyín. Ìdí-Àràbà ni LUTH wà. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn eyín Yunifásítì Èkó sì ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1966. Ọ̀nà jìn díẹ̀ sí ẹni tí ń gbé Ìbà tàbí Òkokomáìkò, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ojú títì Badagry sì lè mú kí ó yà sí ibi tí ó súnmọ́ ọn. Kò burú bí ó bá yà, bí ó bá ti lè béèrè ìbéèrè mẹ́ta: ǹjẹ́ orúkọ dókítà yìí wà lọ́dọ̀ MDCN? Kí ni yóò gbà lára eyín mi? Ṣé ọ̀nà mìíràn tí kò gbà tó bẹ́ẹ̀ wà?

Olùkọ́ tí ó bá mọ èyí lè gba òbí nímọ̀ràn lórí lílo tetracycline. Ó sì lè dá àwọn ọmọ tí ń fi eyín ẹlẹgbẹ́ wọn ṣẹ̀sín lẹ́kun.

Àgbálọgbábọ̀

Àgbéyẹ̀wò yìí ti fi hàn pé ìtún-eyín-ṣe ní ìpele, láti orí fífọ̀ dé orí adé. Èyí tí ó kéré jù tí ó sì lè yanjú ìṣòro náà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ mú. Ẹ̀rín ẹni tí eyín rẹ̀ kò dọ́gba, ṣùgbọ́n tí ó lè fi jẹ ẹran kí ó sì fi pe /f/ já gaara, sàn ju ti ẹni tí eyín rẹ̀ ń dán tí kò lè fẹnu kan omi tútù.