Kí A Tó Wo Ìlú, Ká Kọ́kọ́ Kí Onílé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké erin. Òwe yìí ni ọ̀rẹ́ mi kan, tí àwa méjèèjì jọ ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Èrúwà, máa ń pa fún mi nígbàkúùgbà tí ó bá fẹ́ kí a jọ jáde nílé. Ó ní ìtìjú ni fún ẹni tí ń kọ́ ọmọ ní ìtàn Ìbàdàn tí kò sì tíì fi ojú ara rẹ̀ rí òkè Màpó. Nígbà tí ó yá, a fi ẹnu kò pé a ó lo òpin ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀.

Ẹ̀yin ònkàwé wa, kì í ṣe ìròyìn ilé gíga nìkan ni mo gbé wá lónìí. Ọ̀rọ̀ àlejò jíjẹ́ ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé ní Ìbàdàn ni mo ti mọ̀ pé mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní àṣà tí èmi fúnra mi kò pamọ́.

Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ìrìnàjò wa, ìyá mi di ẹlùbọ́ sínú àpò, ó wọn ẹ̀gúsí bíbó sí i, ó ní kí n gbé e fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí ń gbé nítòsí Ọjà Ọba. Ní Ìbàràpá, ẹni tí ó bá ń lọ kí ará rẹ̀ ní ìlú ńlá kì í rìn lọ́wọ́ òfo. Kì í ṣe pé ebi ń pa ẹni tí a ń lọ bá. Ẹrù náà ni ó ń jẹ́rìí pé àwọn ará ilé kò gbàgbé rẹ̀. Láyé àtijọ́, awakọ̀ ni a máa ń rán sí onílé pé àlejò ń bọ̀. Lóde òní, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ti sọ iṣẹ́ náà di wẹ́rẹ́. Mo pe Bàbá, mo ní a ó dé kí oòrùn tó kan àtàrí. Ìyá mi wá kìlọ̀ fún wa pé, "Ẹ dé ilé kí ẹ tó dé ibikíbi o."

Ní òwúrọ̀ Sátidé, a wọ ọkọ̀ ní Èrúwà. A kọjá odò Ògùn, a kọjá Ìdó àti Ológunẹ̀rú, a gba Ẹlẹ́yẹlé wọ ìgboro, a sì sọ̀ kalẹ̀ ní Dùgbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bà jẹ́. Ọ̀rẹ́ mi gbé ojú sókè, ó rí Ilé Kókó, ó ní, "Bí a bá ti dé ọ̀dọ̀ Bàbá, oúnjẹ yóò pọ̀, ọ̀rọ̀ yóò pọ̀, ilẹ̀ yóò sì ṣú. Jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo díẹ̀." Mo rántí ọ̀rọ̀ ìyá mi, ṣùgbọ́n ojú mi náà ti wọ ilé náà. A fi ẹrù sọ́dọ̀ ìyá olóúnjẹ kan, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Èmi kò ní purọ́, ìran náà dùn. Ọdún 1965 ni wọ́n parí Ilé Kókó. Àjà rẹ̀ jẹ́ 26, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 105. Owó kókó tí àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn fi àáké àti àdá wá ni wọ́n fi kọ́ ọ. Iná jó o ní 1985, ó sì di 1992 kí wọ́n tó tún un ṣe tí àwọn ènìyàn fi padà sínú rẹ̀. Láti ibẹ̀ a dé Agodi, níbi tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, 1959. Lẹ́yìn náà a gun Òkè Àrẹ̀mọ lọ sí ilé ìṣọ́ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Láyípo. Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ọ ní ìrántí Captain Bower, ẹni àkọ́kọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe aṣojú wọn ní Ìbàdàn. Àtẹ̀gùn 47 ni ó yí po nínú rẹ̀. Nígbà tí a dé òkè téńté, a rí òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà, ó lọ súà títí ojú kò fi tó o mọ́. Inú wa dùn, a kò mọ̀ pé oòrùn ti ń wọ̀.

Ìmọ́lẹ̀ alẹ́ ti tàn nígbà tí a dé ilé Bàbá. Iná ti tán nínú ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ mi láti ọ̀sán. A bá Bàbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn aládùúgbò yí i ká. Àmàlà tí wọ́n rò dè wá ti tutù nínú àwo, Bàbá pàápàá kò sì tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀. Wọ́n ti rán ọmọ méjì lọ sí ibùdókọ̀. Wọ́n ti pe Èrúwà, ìyá mi sì ti ń sunkún, ó rò pé ọkọ̀ wa ti dànù lọ́nà.

A dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá kò bá wa wí. Wọ́n ní kí a dìde, wọ́n ní kí wọ́n bu omi fún wa, nítorí pé omi ni à á kọ́kọ́ fún àlejò kí á tó bi í ní ìròyìn. Ìgbà tí a mu ún tán ni wọ́n tó bèèrè pé, "Níbo ni ẹ gbà?" Ọ̀rẹ́ mi jẹ́wọ́. Bàbá mi orí, wọ́n ní, "Ẹ gun Láyípo. Ó dára. Ǹjẹ́ ẹ rí ilé mi láti ibẹ̀?"

A kò lè dáhùn. Gbogbo òrùlé Ìbàdàn ni ojú wa rí, kò rí ti ẹni tí ń dúró dè wá.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni Bàbá ṣe àlàyé. Wọ́n ní ibùdó ogun ni Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún 1829, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ ni wọ́n kóra jọ síbẹ̀. Àlejò ni wọ́n fi pilẹ̀ ìlú náà. Ẹni tí ó bá dé kò gbọdọ̀ máa rìn kiri láìní ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Abẹ́ ológun kan ni yóò sá sí, kí ó tó rí ilẹ̀ kọ́lé. Kódà àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ Ìbàdàn ní bàbá kékeré, ìyẹn ìjòyè tí ń gba ẹnu wọn sọ̀rọ̀ láàrin ìgbìmọ̀. "Nítorí náà," ni Bàbá wí, "onílé ni ẹlẹ́rìí àlejò. Bí nǹkan bá ṣe yín ní Dùgbẹ̀ lónìí, ta ni ìbá sọ pé òun mọ̀ yín?"

Ní ọjọ́ kejì, Bàbá fúnra wọn mú wa lọ sí Màpó, gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929. Tọwọ́tẹsẹ̀ ni wọ́n ń gun àtẹ̀gùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí a pàdé tí kò kí wọn. Wọ́n ń fi wá hàn pé, "Àwọn ọmọ mi láti Èrúwà nìyí." Ẹnìkan gbé àga fún wa; òmíràn sọ ìtàn òpó ńláńlá wọ̀nyẹn fún wa. Ní àná, a rí ilé. Ní ọjọ́ yìí, a rí ìlú.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, Bàbá sìn wá dé ìdí ọkọ̀, wọ́n fi búrẹ́dì rán wa sí ìyá mi. Bí ọkọ̀ ti kọjá odò Ògùn, ọ̀rẹ́ mi na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Pe Bàbá. Sọ fún wọn pé a ti kọjá odò."

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ máa rìn, kí ẹ sì fi ojú yín rí ìlú ńlá. Ṣùgbọ́n ilé gíga kò ní sá lọ bí a kò bá tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àgbàlagbà tí ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ó fi ebi pa ara rẹ̀ nítorí àlejò, òun ni kí á kọ́kọ́ lọ kí.